Ọ̀tún Ta Ni?

Ojú ọkùnrin kan ṣàdédé kún tẹlifíṣàn keje: imú gígùn, òógùn lórí ètè, ẹ̀rín ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Jẹ́jẹ́lọlá jókòó ní Dùgbẹ̀, nínú yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò ti ń fi kámẹ́rà ṣọ́ ìgboro. Ìrẹ̀mídé, tó ni ojú náà, wà lórí àkàbà ní Ìwó Road, ó ń tún kámẹ́rà ibẹ̀ ṣe. Jẹ́jẹ́lọlá pè é lórí fóònù.

"Ẹ yí i sí ọ̀tún."

Ó yí i. Dípò títì, ìsọ̀ àwọn tó ń ta fóònù ló yọ.

"Ọ̀tún yín kọ́, ọ̀tún tèmi!"

"Ẹ̀yin tí mi ò rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ọ̀tún yín?"

Ẹ̀rín pa Jẹ́jẹ́lọlá. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n fi kámẹ́rà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí kò sí kámẹ́rà kankan tó ń wo apá ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ìrẹ̀mídé yọ sí Dùgbẹ̀.

"Mo wá wo ọ̀tún yẹn ni," ó wí.

Ìfẹ́ wọn di oṣù mẹ́jọ. Bàbá Jẹ́jẹ́lọlá ní Bódìjà fi ìkùnsínú gbà pé kí ẹbí ọkọ wá mọ àwọn ní Sátidé. "Ẹni tí ń gun òpó kiri!" ni bàbá máa ń wí.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, wọ́n jí fóònù nínú báàgì obìnrin kan níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń ta fóònù ní Ìwó Road. Ìrẹ̀mídé ló dúró lẹ́yìn obìnrin náà, wọ́n sì ní òun ni olè. Wọ́n lù ú, bọ́tìnnì mẹ́ta já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n wọ́ ọ lọ sí téṣàn.

"Kò sí Sátidé mọ́," bàbá wí. "N kì í fọmọ fólè."

Nimotallahi, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, rọra sọ fún Jẹ́jẹ́lọlá pé, "Ìwọ ṣáà ṣí àwòrán kámẹ́rà yẹn wò."

"Rárá. Tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣí i, wọ́n á ní mo yí i fún olólùfẹ́ mi ni."

Láìsí lẹ́tà ọlọ́pàá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí àwòrán àná. Wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Jẹ́jẹ́lọlá fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì téṣàn kí wọ́n tó kọ lẹ́tà náà fún un. Nígbà tí Nimotallahi wá ń ṣí àwòrán náà, Jẹ́jẹ́lọlá kọjú sí ògiri. Tó bá wá jẹ́ Ìrẹ̀mídé ló mú fóònù náà ńkọ́?

"Jẹ́jẹ́, yíjú padà jàre!"

Ọkùnrin onífìlà pupa kan ló tọwọ́ bọ báàgì náà. Lẹ́yìn wọn, Ìrẹ̀mídé fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú. Jẹ́jẹ́lọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá bi í léèrè lórí fóònù: "Ọwọ́ méjèèjì?"

"Méjèèjì, Bàbá."

"Sọ fún wọn kí wọ́n má pẹ́ dé o, ní Sátidé."

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n ti tú Ìrẹ̀mídé sílẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kan ṣì wú. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó dìde, kó lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

"Bọ́ sí ọ̀tún," Jẹ́jẹ́lọlá sọ sí i létí.

"Ọ̀tún ta ni?"

"Tèmi."

Ìrẹ̀mídé fi ojú tó là wò ó dáadáa. "Mo ń rí ọ báyìí," ó wí, ó sì jókòó síbi tó yẹ.