Aṣọ́nà Ìlú Ormaya

Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀ Sátidé, àmọ́ inú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé àwọn panápaná ìlú Puerto Quelén móoru. Wọ́n fi àwọn rọ́bà omi tí wọ́n fi ń paná kọ́ sára ògiri kí wọ́n lè gbẹ, àwo sopaipilla, ìyẹ̀fun díndín gbígbóná tí ìyá Renato ṣe, wà láàárín tábìlì, àwọn ọmọ mẹ́ta sì jókòó yí i ká. Rayén, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ni ìwé àti máàpù. Òun ló dá ayé tí wọ́n ń ṣeré nínú rẹ̀: òun ló ń sọ ohun tó wà lẹ́yìn òkè, òun ló ń fọhùn ọba, òun náà ló ń fọhùn olè. Renato àti Gaspar, kálukú ní ẹni tó ń jẹ́ nínú ìtàn. Bí ọ̀rọ̀ bá wá le, wọ́n á ju dáìsì olójú ogún, iye tó bá jáde ni yóò sọ bóyá orí gbè wọ́n.

Renato yán, ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

"Rayén, àwọn ará ìlú ẹ yìí, ṣé wọ́n tiẹ̀ ń jẹun? Wọ́n kàn tò sójú ọ̀nà, wọ́n ń retí kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀."

Gaspar ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé máàpù náà dára púpọ̀. Àánú yẹn ló tún wá dun Rayén ju èébú lọ. Oṣù mẹ́ta ló fi ya odò, tó fi to òkè, tó fi wá orúkọ fún gbogbo àdúgbò ìlú Ormaya. Ó tiẹ̀ kọ irú ẹja tí wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ ọdún. Síbẹ̀, òkú ni ìlú náà, ó sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí Renato tó là á mọ́lẹ̀.

Nígbà tí eré parí, òun àti Gaspar jọ ń rìn lọ sílé létí òkun. Gaspar kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó dúró lójijì. Ó ní àwọn panápaná fẹ́ fún bàbá òun àti bàbá Renato ní àmì-ẹ̀yẹ ní ìparí oṣù, nítorí iná tó jó ilé iṣẹ́ pákó lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí ìwé náà ti dé, bàbá òun ò jẹun dáadáa mọ́. Gaspar wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún Rayén.

Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ ni pé Tío Eliseo, bàbá Gaspar (Tío làwọn ọmọ ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀), àti Tío Heriberto, bàbá Renato, ni wọ́n jọ di rọ́bà omi kan mú wọnú iná. Wọ́n ní rọ́bà náà bẹ́, Tío Eliseo sáré jáde lọ wá òmíràn, kó tó dé, iná ti jó Tío Heriberto lọ́rùn àti lọ́wọ́ òsì. Irọ́ ni. Rọ́bà kankan ò bẹ́. Ẹ̀rù ló ba Tío Eliseo, ó ju rọ́bà sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìgbà tó dé ìta ni ojú ẹ̀ wálẹ̀, ló bá tún já wọnú iná lọ́wọ́ òfo, ó gbé ọ̀rẹ́ ẹ̀ jáde. Gaspar gbọ́ ọ níbi tí bàbá ẹ̀ ti ń sunkún sọ ọ́ fún ìyàwó ẹ̀ nínú ilé ìdáná.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún," Gaspar ní. "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó jáde lẹ́nu ẹ."

Rayén fi ẹ̀mí ìyá ìyá ẹ̀ búra pé kò ní jáde. Ó mọ ohun tí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́. Panápaná ìlú wọn kì í gbowó oṣù, iyì ni wọ́n ń gbà. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀kan fi ẹnìkejì ẹ̀ sílẹ̀ sínú iná, níbo ni yóò ti gbójú sókè láàárín ìlú?

Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó jókòó ti ìwé ẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pète ibi o. Ó kàn mú pẹ́ńsù ni, ọwọ́ ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa aṣọ́nà kan tó ń jẹ́ Velko, tí òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ jọ ń ṣọ́ odi Ormaya. Dírágónì wá jó odi náà lánàá. Okùn kan wà tí wọ́n ń fà kí omi lè ya lu iná. Velko ní okùn náà ló já, ìyẹn ni ọ̀rẹ́ òun fi jóná. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé Velko padà wọnú iná lọ gbé ọ̀rẹ́ ẹ̀ jáde. Ó kà á, kò dùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá sá tó tún padà, kíá ni wọ́n á dárí jì í, ìtàn á sì tán. Ló bá pa ibẹ̀ rẹ́. Ọkàn ẹ̀ ń gún un ní kẹ́ṣẹ́, ó ní kó dákẹ́. Ṣebí òun ti yí orúkọ padà, òun ti sọ rọ́bà di okùn, òun ti sọ iná ilé pákó di iná dírágónì. Ta ló máa mọ̀? Ó gbàgbé pé ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ni yóò bá.

Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, Renato ò yán mọ́. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń da ìbéèrè bo Velko, Rayén sì ń fi ohùn Velko dáhùn, ó ń kálòlò bí òpùrọ́. Eré ò dùn tó báyìí rí. Ìdùnnú ò jẹ́ kí Rayén wo ojú Gaspar, tí ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Renato ní òun fẹ́ gun odi lọ wo okùn náà fúnra òun. Ó ju dáìsì, mẹ́tàdínlógún jáde.

"O rí okùn náà," Rayén ní. "Odindi ni. Kò já."

Renato lu tábìlì. "Mo mọ̀! Ó sá ni. Ẹ dè é mọ́ ẹnubodè, kí gbogbo ìlú máa wò ó."

"Fi í sílẹ̀," Gaspar ní.

"Kí n fi í sílẹ̀ kẹ̀? Ẹni tó fi ọ̀rẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ sínú iná?"

"Ẹ̀rù bà á ni," Gaspar ní. "Kò mọ̀ pé ẹ̀rù máa ba òun. Ó ti ń jìyà ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà."

Ọdún mẹ́fà kẹ̀? Ní Ormaya, àná ni iná jó. Renato wo Gaspar, ó wo àwọn rọ́bà tó wà lára ògiri, ó tún wo Gaspar. Ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jáde sínú òjò láì mú ẹ̀wù ẹ̀. Gaspar ò bú Rayén, ó kàn wò ó.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún," ó ní, òun náà sì jáde.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ náà ti ká ìlú, Tío Eliseo sì ti gbé akoto ẹ̀ lọ dá padà fún àwọn panápaná. Gaspar ò jókòó ti Rayén mọ́ ní kíláàsì. Ìtìjú ń jẹ Rayén nínú lọ́hùn-ún. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó lọ sílé Tío Heriberto láti jẹ́wọ́. Ó bá a níbi tó ti ń bó ọ̀dùnkún, ó ń fi ọwọ́ òsì tí ìka ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra di ọ̀dùnkún náà mú. Ó ro gbogbo ẹ̀ fún un, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí Tío Eliseo.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀," ọkùnrin náà ní. "Ọwọ́ mi ni rọ́bà náà wà, ọmọ mi. Omi ń jáde lẹ́nu ẹ̀."

Rayén bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

"Nítorí ó padà wá. Ó ti dé ìta, kò sóhun tó ń lépa ẹ̀ mọ́, ó tún padà wá gbé mi. Ẹni tó bá sọ èkíní láìsọ èkejì, irọ́ ló pa." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Nínú ìtàn tìẹ, ṣé ó padà?"

Omijé bọ́ lójú Rayén.

"Ó padà, Tío. Èmi ni mo pa ibẹ̀ rẹ́."

Tío Heriberto ò bá a wí. Ó mú ọ̀bẹ ẹ̀, ó ń bó ọ̀dùnkún ẹ̀ lọ. Ì bá tiẹ̀ gbá a létí, ì bá sàn. Ẹni tí iná jó pa ẹnu mọ́ fún ọdún mẹ́fà. Òun tí iná ò tiẹ̀ rá lára, kò lè pa á mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ìparí oṣù, wọ́n pe Tío Heriberto kó wá gba àmì-ẹ̀yẹ. Ó ní àwọn méjì làwọn jọ wọlé, àwọn méjì làwọn jọ jáde, òun ò ní dá a gbà. Tío Eliseo ò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Rayén dúró de Gaspar lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ó tọrọ àforíjì, ó na ìwé àti máàpù sí i pé kó fà á ya. Gaspar ò gbà á.

"Ayé ẹ ti ń mí báyìí," ó ní. "Àmọ́ èémí bàbá mi lo gbà fún un."

Ó kọjá lọ, kò sì padà sídìí tábìlì yẹn mọ́. Rayén ṣì ń dá ayé títí dòní. Bí ọ̀rẹ́ kan bá sì finú hàn án, ó máa ń gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó ti wá yé e pé ohun tí èèyàn fi pa mọ́ sí wa lọ́wọ́ kì í ṣe tiwa láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, bó ti wù kó dùn tó, bó ti wù ká yí orúkọ padà tó. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́.