Ẹni Tó Nàka Òsì Sí Àna Rẹ̀

Ọjọ́ tí Ọlákìtán kọ́kọ́ fojú kan Tẹjúmádé, inú ọ̀sà ni ọmọbìnrin náà wà, tó ń ké pé, "Ẹ gbà mí o, mo ń kú lọ!"

Irọ́ ni. Olùkọ́ wọn, Àǹtí Mọ̀nsúrát, ló ní kó ké bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wà, létí ọ̀sà ní Amúwo. Ọlákìtán, wẹ́dà láti Satellite Town, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni.

"Ìwọ tuntun!" Àǹtí Mọ̀nsúrát pè é. "Bí ènìyàn bá já sómi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró, kó nàka sí i. Bó bá gbójú kúrò pẹ́nrẹ́n, onítọ̀hún di àwátì!"

Ọlákìtán nàka. Wọ́n fa Tẹjúmádé jáde. Ó nura, ó ra bọ̀ọ̀lì, ó jẹ ẹ́ tán. Ọlákìtán ṣì ń nàka sí i.

"Bọ̀dá, mo ti jáde o."

"Olùkọ́ ò tíì ní kí n gbójú kúrò."

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di "olówó orí mi" àti "ẹyinjú mi".

Ṣùgbọ́n bàbá Tẹjúmádé, awakọ̀ tánkà ní Festac, fárígá.

"Atukọ̀ òkun kẹ̀? Àwọn tó níyàwó ní gbogbo èbúté!"

"Bàbá, iṣẹ́ yẹn lèmi náà ń kọ́ o."

"Ìwọ, ọmọ mi ni ẹ́. Ìyẹn yàtọ̀."

"Ẹ ṣáà wá wò ó lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wa. Bí kò bá wù yín, màá fi í sílẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, Bàbá dé etí ọ̀sà tòun ti agbádá funfun. Ọlákìtán dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dìde, ó gbé ẹlẹ́rìndòdò tọ̀ ọ́ lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ti ń dùn bọ̀! Bàbá sún sẹ́yìn kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa.

Jàbú! Ọ̀sà gbé Bàbá.

Àwọn kan sáré wá okùn, àwọn kan ń pe Jésù. Ọlákìtán dúró gbagidi, ó nàka sí Bàbá. Ọwọ́ òsì pàápàá! Ẹlẹ́rìndòdò ló wà lọ́tùn-ún.

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, Bàbá pọ omi, ó figbe ta: "Mo ń kú lọ, ọmọ yìí ń nàka òsì sí mi! Sí àgbà! Tẹjúmádé, ó ti parí!"

Tẹjúmádé bú sẹ́kún.

"Bàbá, ẹ ṣe sùúrù," Àǹtí Mọ̀nsúrát bẹ̀ ẹ́. "Omi yìí dúdú, ewéko bò ó, agbádá ti fà yín wọlẹ̀. Ìka rẹ̀ la tẹ̀ lé tá a fi rí yín. Okùn ni gbogbo wa ń wò, òun nìkan ló ń wò yín."

Bàbá kọjú sí Ọlákìtán. Omi ń ro tótó lára agbádá rẹ̀.

"Ìwọ, o ò ṣẹ́jú rárá?"

"Rárá, sà. Ojú ń ta mí gan-an, sà."

"Ọgbọ̀n ọdún rèé, ìyàwó mi ò wò mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Tẹjúmádé, nu ojú ẹ. Mo ti gbà."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣègbéyàwó. Ọkọ̀ ojú omi kan náà ló gba àwọn méjèèjì síṣẹ́, Bàbá sì sìn wọ́n dé èbúté.

"Àna mi, ìwọ ni ọ̀gá níbẹ̀, àbí?"

"Rárá, sà. Tẹjúmádé ni ẹnjiníà. Abẹ́ rẹ̀ ni màá ti máa ṣiṣẹ́."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó fa Ọlákìtán mọ́ra, ó sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́:

"Bó bá ti pàṣẹ, ṣáà máa sọ pé 'bẹ́ẹ̀ ni, mà.' Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń bá ìyá ẹ̀ gbé."