Ọkọ̀ Tó Kú Lórí Òkè

Kò-sí-wàhálà ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin náà, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ àlòkù ló ń tà, àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní háíbíríìdì, tó ń fi epo rìn, tó sì tún ń fi agbára bátìrì ńlá kan tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn rìn. Bí oníbàárà bá béèrè pé ṣé ọkọ̀ náà kò ní já òun kulẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ́pẹ́, á ní, "Kò sí wàhálà."

Ó mọ̀ pé wàhálà wà. Bátìrì tó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ náà ti gbó. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń lọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sẹ́ni tó máa fura. Ṣùgbọ́n bó bá dé orí òkè, agbára á ṣàdédé lọ. Awakọ̀ á fẹsẹ̀ tẹ iná títí kí ọkọ̀ lè sáré, ọkọ̀ á máa wọ́ bí ẹni tí àìsàn gbé ṣánlẹ̀, lẹ́yìn náà á kú pátápátá sáàárín títì. Iná pupa kékeré kan máa ń tàn níwájú awakọ̀ láti kìlọ̀ fún un. Kò-sí-wàhálà ní ẹ̀rọ kan tó fi ń pa iná náà kí oníbàárà tó dé. Kò tún ohunkóhun ṣe. Iná nìkan ló ń pa.

Èyí tó wá burú jù ni pé ó ń gbádùn rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti wa ọkọ̀ jáde ní géètì, á máa sín in jẹ: "'Ọlọ́run á bù kún yín o, ọ̀gá!' Ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó di ìgbà tó bá pàdé òkè àkọ́kọ́!" Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀gá ló ń dápàárá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Rẹ́wáyà ni wọ́n ń pè é, àgbàlagbà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ní igun ọgbà náà. Onígbàgbọ́ ni.

"Ọ̀gá," ni Rẹ́wáyà wí lọ́jọ́ kan, "ènìyàn ló ń jókòó sínú àwọn ọkọ̀ yìí o. Ẹ ronú pìwà dà. Jésù tó kú fún yín kò fẹ́ kí ẹ ṣègbé."

"Baba, iṣẹ́ wáyà ni mo gbà yín fún, n kò gbà yín fún ìwàásù," ni Kò-sí-wàhálà dá a lóhùn. "Ta ni mo gbé ìbọn sí? Ẹ ní kí Jésù yín wá ra ọkọ̀ kan lọ́wọ́ mi. Màá dá a lóhùn dáadáa."

Gbogbo ọgbà dún fún ẹ̀rín. Rẹ́wáyà tẹrí ba, ó padà sídìí wáyà rẹ̀.

Lára àwọn tó ra ọkọ̀ ni tíṣà kan, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ilé rẹ̀ fara kan ilé ìyá Kò-sí-wàhálà. Ìyá náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú un wá. "Ọmọ mi ló ń tà á," ló sọ fún tíṣà, "kò ní rẹ́ ọ jẹ." Ọmọ náà wò yíká ọgbà, ó sì mú èyí tó burú jù lọ fún un, nítorí ó rí i pé ẹni tó fọkàn tán ìyá òun tó báyẹn kò ní mú mẹkáníìkì dání wá yẹ ọkọ̀ wò.

Kò pé oṣù kan tí tíṣà fi padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí òkè tó lọ sí ilé ìwé wọn.

"Tíṣà, ẹ kò mọ ọkọ̀ wà ni," ni Kò-sí-wàhálà wí, ó sì gbé ohùn sókè kí àwọn òṣìṣẹ́ lè gbọ́. "Ọkọ̀ yìí ti gbọ́n jù fún yín. Ẹ padà lọ kọ́ ọ bí àwọn ọmọ kíláàsì yín ṣe ń kọ́ ABD."

Ẹ̀rín sọ. Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. Kò-sí-wàhálà pa iná pupa náà, ó ní kó máa lọ.

Ìgbà kẹta tó wá, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, kì í ṣe òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ìyá Kò-sí-wàhálà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú. Tíṣà ló ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú rẹ̀. Iná pupa ti tún tàn, ọkọ̀ náà sì ti ń gbọ̀n.

Àwọn oníbàárà méjì dúró sídìí ọkọ̀ funfun kan nínú ọgbà, wọ́n ti fẹ́ rà á tán. Nígbà tí tíṣà sọ̀kalẹ̀ tó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yín yìí tún ti fẹ́ kú o," àwọn méjèèjì yíjú síbẹ̀.

Bí Kò-sí-wàhálà bá sọ pé, "Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbí, bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́," ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń gbọ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan ibí, ó fọwọ́ kan ọ̀hún, ó sì pa iná náà. "Ó ti parí," ló wí. Nígbà tí tíṣà padà sínú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sétí fèrèsé, ó sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ o, ẹ má gba orí òkè."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀nà ibẹ̀ ló dára jù."

Ìyá rẹ̀ ti ń kánjú. "Tíṣà, jẹ́ ká máa lọ jàre. Ọmọ mi ti fọwọ́ kàn án, kí ló tún kù tí à ń bẹ̀rù?"

Rẹ́wáyà sáré dé láti igun rẹ̀. "Ọ̀gá! Ìyá yín ló wà nínú ọkọ̀ yẹn!"

"Ẹ padà sídìí wáyà yín," ni Kò-sí-wàhálà wí láàárín eyín. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Kò sí wàhálà, Màmá."

Wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà ìsàlẹ̀ nítorí páìpù omi. Tíṣà kò rí ibi kọjá, ló bá yí ọkọ̀ sí ọ̀nà òkè. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń rọra fà níwájú wọn. Tíṣà fẹ́ yà á sílẹ̀, ó bọ́ sí apá kejì títì, ó tẹ iná. Ibẹ̀ gan-an ni agbára lọ. Ó tẹ ẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ọkọ̀ kò dáhùn. Tírélà kan sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ níwájú wọn.

Ìyá náà ń sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ nígbà tí tírélà náà kọlù wọ́n.

Nígbà tí Kò-sí-wàhálà dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún tíṣà. Egungun àyà ìyá rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì là. Ọlọ́pàá kan dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ọmọ mi," ni ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. "Ṣé o tún ọkọ̀ yẹn ṣe?"

Kò-sí-wàhálà wo ọlọ́pàá. Ó wo ìyá rẹ̀. "Mo tún un ṣe, Màmá."

Ojú ìyá náà tàn. Ó yí orí díẹ̀ sí ọlọ́pàá. "Ẹ gbọ́? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí lọ ọmọ mi o. Kò purọ́ fún mi rí. Tíṣà ni kò mọ ọkọ̀ wà. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀." Ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó dì í mú, ó ń súre fún un. Ọlọ́pàá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá náà ti dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ènìyàn ń gbóríyìn fún un pé ọmọ rere ni. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó ṣí ọgbà padà. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé ọkọ̀ yìí kò ní já mi kulẹ̀?" Kò-sí-wàhálà la ẹnu láti sọ pé kò sí wàhálà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òróró dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Oníbàárà náà bá tirẹ̀ lọ.

Rẹ́wáyà wá jókòó tì í.

"Baba, èmi ni mo pa ìyá mi."

Rẹ́wáyà kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Ẹ̀yin ni."

"Mo purọ́ fún un títí ó fi kú. Kò sí bí mo ṣe tún lè bẹ̀ ẹ́."

"Kò sí."

"Kí ló wá kù fún mi?"

"Jésù ló kù. Ó mọ ohun tí ẹ ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ru ẹ̀bi rẹ̀ lọ sórí àgbélébùú. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ló kú fún, kì í ṣe ẹni rere. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ọwọ́ kan di irọ́ mú, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì di Jésù mú."

Ọkùnrin tó ti fi Jésù ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọgbà yẹn kúnlẹ̀ síbẹ̀, lójú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Jésù, apànìyàn ni mí," ló wí. "Òpùrọ́ ni mí. N kò ní àwíjàre kankan. Ṣàánú mi." Kò mọ àdúrà mìíràn. Ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó dìde, ẹkún ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òtítọ́ kò bà á mọ́.

Ọ̀dọ̀ tíṣà ló kọ́kọ́ lọ. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Láti ọjọ́ yẹn," ni tíṣà wí, "mo ti ń rò pé èmi ni mo pa ìyá yín. Mo ń bẹ̀ ẹ́ lójú oorun. Ẹ jáde."

Ó jáde. Láti ibẹ̀ ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ó ní kí wọ́n fagi lé ohun tí ìyá òun sọ. Ó pe gbogbo ẹni tó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n má wà á mọ́. Àwọn kan bú u, àwọn kan ṣépè fún un. Ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún.

Ọdún kejì ni tíṣà yọ sí i lẹ́wọ̀n, ó ń fi igi méjì rìn. Kò jókòó. "N kò lè sọ pé mo fẹ́ràn yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n Jésù dárí jì mí, ó sì ní kí n dárí jì yín. Mo ti dárí jì yín. Ẹ má béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ mi." Ó yí padà, ó ń lọ. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀, ó sunkún, ó sì dúpẹ́.

Ó ti rí ìdáríjì Ọlọ́run, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀ nínú Jésù. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò padà wá, ẹsẹ̀ tíṣà kò sì hù.

Ìwọ tó ń kàwé yìí, n kò mọ iṣẹ́ rẹ. Ó lè jẹ́ pé o kò ta nǹkan fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ìwọ àti Ọlọ́run mọ ohun tí o ń bò mọ́lẹ̀, ẹ sì jọ mọ ẹni tó máa forí fá a bí o bá ń bò ó lọ bẹ́ẹ̀. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Ta ló fọ̀la hàn ọ́? Má sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ti pọ̀ jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù tó wẹ apànìyàn mọ́ kò ní ṣaláì tó fún ìwọ náà. Bí o bá kọ̀ ọ́, ìdájọ́ ń bẹ níwájú, níbi tí kò sí ẹni tó máa gbẹnu sọ fún ọ.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí. Pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ rẹ̀ gan-an fún Jésù, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà ọ́ là. Lẹ́yìn náà, dìde lónìí yìí, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́.