Iṣẹ́ Tí Lọ́yà Kò Jẹ́

"Tún un sọ! Sọ ọ́ bí ẹni tí inú ń bí!"

Bàbá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, igi ló ń fá lọ́wọ́. Káfíńtà ni. Orí àpótí kan ni ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró sí láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń nàka sí àwọn àga tí kò tíì lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé adájọ́ ló jókòó sórí wọn. Lọ́yà ni gbogbo ilé ìwé ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń múra ìjiyàn sílẹ̀ nìyí: tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gún régé, bàbá á fi òòlù kan pákó lẹ́ẹ̀mejì, kó! kó! Tí kò bá dùn, bàbá á kàn máa fá igi rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀yin adájọ́," Lọ́yà tún bẹ̀rẹ̀, "ó yẹ kí òfin gba olúkúlùkù láàyè láti ní ìbọn, kó lè fi ṣọ́ ohun ìní rẹ̀. Ẹ wo bàbá mi. Olè wá, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó lọ. Olè tún padà wá, ó kó àga oníbàárà. Bàbá mi sáré lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Títí di òní, a ò rí ọlọ́pàá, a ò rí òjìji ọlọ́pàá!"

Kó! Kó!

"O káre láé, ọmọ mi! Òótọ́ pọ́ńbélé." Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí i. "Kí wọ́n tún dán an wò. Wọ́n á mọ̀ pé èèyàn ló ni ibí."

Ó wo ẹ̀yìn àwọn pákó tó fi ti ògiri. Lọ́yà mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìbọn ọdẹ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ ni. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú, bàbá ò sì lọ gba òmíràn.

Nígbà tí ìdíje ìjiyàn ilé ìwé wọn ku ọ̀la, Lọ́yà bá sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ti gbé bẹ́ẹ̀dì lọ fún oníbàárà, ó sì gbàgbé fóònù sílé.

"Ọmọ káfíńtà ni ẹ́, àbí? Ẹ má bínú pé a pẹ́. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní, ó sì ti bàjẹ́. Sọ fún bàbá ẹ pé láti ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, ọmọkùnrin wa kan á máa lúgọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yín. Kò ní wọ aṣọ ọlọ́pàá o. Tí wọ́n bá rí i, kí wọ́n má fòyà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"O ò ní gbàgbé?"

"Rárá, mà."

Kò gbàgbé lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí sájẹ́ǹtì ṣe lọ tán ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Lọ́yà. Ẹ gbọ́ ná, irú àsìkò wo ni wọ́n wá yìí? Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lórí pé ọlọ́pàá ò wá. Ó sì ti pinnu láti pe bàbá dìde nínú gbọ̀ngàn kí ó wá jẹ́rìí. Bàbá kì í purọ́. Tó bá ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, kò ní dìde.

"Tí a bá ti parí ìdíje, màá sọ fún wọn," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó bá bàbá jẹun, ó bá a ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, nínú gbọ̀ngàn, ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ ló bá a jiyàn. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Tí gbogbo wa bá ní ìbọn," ó ní, "ta ló máa bi ẹni tó rí nínú òkùnkùn pé ta ni ẹ́, kó tó yìnbọn fún un?"

"Ṣé kí n gbé àga fún olè ni," Lọ́yà dá a lóhùn, "kí n ní, 'Ẹ káàbọ̀ o, orúkọ yín ńkọ́?'"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí bàbá. "Bàbá mi, ṣé ọlọ́pàá wá?"

Bàbá dìde. "Wọn ò wá o," ó ní. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Lọ́yà ló gba ife ẹ̀yẹ.

Wọ́n ń ya fọ́tò lọ́wọ́ nígbà tó rí i pé bàbá ò sí níbẹ̀ mọ́. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú," ìyá rẹ̀ sọ fún un. Lọ́yà rántí iṣẹ́ tí sájẹ́ǹtì rán an. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n tún ya ẹyọ kan sí i. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tó ń ya fọ́tò. Ìgbà yẹn ló tó sáré.

Ó kù díẹ̀ kó dé ṣọ́ọ̀bù nígbà tó gbọ́ ìró ìbọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló nà gbalaja sórí èérún igi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ di ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. "Mo rò pé olè ni! Ẹ gbà mí o, mo rò pé olè ni!" Kí ọkọ̀ tó dé, ọmọ náà ti kú.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ojú sájẹ́ǹtì ti pọ́n. "A ránṣẹ́ sí yín," ó ní. "Ọmọ yín la rán!"

Bàbá wo Lọ́yà. Ó wò ó títí. "Ó jíṣẹ́," ó ní. "Ó sọ fún mi. Èmi ni mi ò kà á sí."

Agbẹjọ́rò tó gba ẹjọ́ bàbá káwọ́ lérí. Ó ṣàlàyé fún ìyá pé tí bàbá bá dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ilé ẹjọ́ á gbà pé ó mọ̀ pé ọlọ́pàá ni kó tó yìnbọn, wọ́n sì lè dájọ́ ikú fún un. Lọ́yà tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ó di odi nínú ilé.

Nígbà tí wọ́n gbé bàbá dé ilé ẹjọ́, Lọ́yà ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò nàka sí ẹnikẹ́ni.

"Ohun tí bàbá mi sọ kì í ṣe òótọ́. Wọ́n fẹ́ bò mí láṣìírí ni. Ọlọ́pàá rán mi sí wọn, mi ò jíṣẹ́. Mo fẹ́ borí nínú ìjiyàn."

Ìyá ọlọ́pàá tó kú figbe ta. Bàbá sorí kọ́ nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka lu igi àpótí náà, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mejì.

Wọn ò dájọ́ ikú fún un. Ṣùgbọ́n ó pa èèyàn, ìbọn tó lò ò sì níwèé. Ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló lọ, ṣọ́ọ̀bù sì wà ní títì títí di òní.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ṣì ń jiyàn lórí ìbọn, lórí agbára ọlọ́pàá, lórí ohun ìní. Àwọn kékeré máa ń wá bá Lọ́yà pé kó kọ́ àwọn, ohun kan náà ló sì máa ń sọ fún wọn: "Ẹ jiyàn bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ òótọ́ kan tó máa ba ọ̀rọ̀ yín jẹ́, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ jẹ́ kí wọ́n borí yín. Nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi, ọmọ ọlọ́mọ ti ń lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa."