Jẹjẹrẹ Ọyàn Kò Gba Oògùn Àyálò

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ tó ní àbàwọ́n wá fún obìnrin alágbàfọ̀ kan, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Kí ló dà sí i?" Bí oníbàárà ò bá mọ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á fi ìka pa á wò, kó tó fọwọ́ kan ọṣẹ. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ó da omi gbígbóná sí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun kan. Ẹ̀jẹ̀ náà gan mọ́ aṣọ, kò kúrò mọ́. Kò gbàgbé ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, páálí oògùn ló dì mọ́wọ́. Kókó kan ti yọ sínú ọyàn òsì rẹ̀. Dókítà fura sí jẹjẹrẹ, ó ní kó wá lọ́la kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ìyàwó káfíńtà tó ń gbé lọ́ọ̀ọ́kán, tí òun náà ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn, ti bù fún un nínú oògùn tirẹ̀.

"N ò lọ mọ́," ló wí fún àbúrò rẹ̀ tó ń lọ aṣọ. "Kí wọ́n lọ gún ohun tó sùn jẹ́ẹ́, kó jí? Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún aládùúgbò mi rèé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà yín?"

"Abẹ́rẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù."

Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí wọn, ó gba páálí náà wò.

"Mà, ṣé ẹ ti lo nínú ẹ̀?"

"Omi ni mo ń wá tó o fi wọlé."

"Ọpẹ́ ni. Oògùn gidi ni o, àmọ́ ti onítọ̀hún ni."

"Jẹjẹrẹ ni jẹjẹrẹ ń jẹ́, àbí?"

"Orúkọ ló jọra mà, ìwà ò jọra. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù yín. Tí oníbàárà bá dé, àbúrò yín á ké láti iwájú pé, 'Ó ń kánjú o!' Ẹ̀yin á gbọ́ lẹ́yìn, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara, látọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, pé kó pín di méjì. Tí iṣẹ́ bá tán, ariwo á dákẹ́. Nínú jẹjẹrẹ, ẹnì kan ń pariwo ṣáá, bẹ́ẹ̀ oníbàárà ò sí níta."

"Àbúrò mi gan-an nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀, èmi kọ́ ni jẹjẹrẹ!"

Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì. "Ibi tí ariwo ti ń wá ló yàtọ̀. Tẹlòmíì, họ́mọ́ọ̀nù tí ara ń pèsè ló ń gbé e wá. Ìyẹn ni oògùn yìí ń dí. Tẹlòmíì, ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì ni. Tẹlòmíì, inú yàrá lọ́hùn-ún. Ọ̀nà wọ̀nyí làwọn olùwádìí ń tọpa báyìí. Wọ́n ti rí oògùn fáwọn kan, wọ́n ṣì ń wá tàwọn yòókù. Wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá dí ọ̀nà kan, jẹjẹrẹ lè yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da oògùn pọ̀ dán wò. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ ọ̀nà tí tiyín ń gbà, bí wọn ò bá mú un wò?"

"Abẹ́rẹ́ yẹn ò ní tú u ká?"

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù ìyẹn, àmọ́ abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń tú u ká. Ohun tó ń jẹ́ kó ráyè tàn ni ká máa fi ìtọ́jú falẹ̀. Wọ́n á fi oògùn pa ìrora ibẹ̀ kí wọ́n tó gún un."

Alágbàfọ̀ wo aṣọ alábàwọ́n kan tó wà lórí tábìlì, èyí tí kò tíì mọ ohun tó bà á jẹ́.

"Kí wọ́n lè mọ ohun tó dà sí i," ó wí pẹ̀lẹ́.

Àbúrò rẹ̀ gbé áyọ̀ọ̀nù kalẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í fi omi kan aṣọ ẹlòmíì láìbéèrè!"

Alágbàfọ̀ gba páálí náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó nà án sí àbúrò rẹ̀. "Lọ dá a padà. Sọ pé mo dúpẹ́. Kó lo oògùn ẹ̀ pé, kó má bù ú fúnni mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjèèjì jọ lọ. Nígbà tí èsì dé, jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, àmọ́ họ́mọ́ọ̀nù kọ́ ló ń gbé ariwo tirẹ̀ wá. Ká ní oògùn àyálò ló ń gbé mì ni, kókó náà ì bá máa dàgbà, kí òun máa rò pé òun ń gbàtọ́jú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó bá tirẹ̀ mu.

Ẹ̀yin ará, tọkùnrin tobìnrin, torí ó ń ṣe ọkùnrin náà: bí ẹ bá rí kókó, tàbí tí ọyàn bá yí padà, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un wò. Ẹ bi dókítà léèrè irú èyí tó jẹ́ àti ìdí tó fi yan oògùn tó yàn. Ẹ má yá oògùn lò, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ fọ àbàwọ́n, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó dà sí i.