Ìṣirò Odò tí Ṣìkẹ́mi Fi Pamọ́

"Ṣìkẹ́mi, kí ni fóònù rẹ wí nípa odò lónìí? Àbí ó ṣì ń sùn, òun tí ń jẹ dátà lójoojúmọ́?"

Rose, àbúrò ìyá rẹ̀, ni ó bèèrè bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ rù. Ó ń lọ kó ẹ̀gẹ́ tí ó rẹ sétí odò Àyèká, kí ó fi ṣe pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń yan lórí iná.

Ṣìkẹ́mi mọ èsì. Láti inú ìṣirò òjò àti gíga omi ni ó ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń sọ ìgbà tí odò yóò kún. Ètò náà ti wí láàárọ̀ yìí pé odò yóò bo etí rẹ̀ kí oòrùn tó kàn tàrí. Ṣùgbọ́n Kingsley, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ti kìlọ̀ fún un: "Gba ìwé-àṣẹ ìjọba lé e lórí ná, kí ẹlòmíràn má bàa lè lò ó. Bí o bá yanu, wọn á fi tìẹ di olówó, ìwọ á sì máa fẹ́ná pupuru."

"Kò tíì sọ nǹkan kan, Àǹtí."

"Ẹ̀gẹ́ kò lè dúró de fóònù." Rose rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ṣìkẹ́mi gbé ètò rẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa. Agbẹjọ́rò Gbádégẹṣin kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, òfin kì í fúnni ní irú ìwé-àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí ìṣirò lásán. Ọ̀nà ìrònú ni. Ta ni yóò sọgbà yí ìrònú ká? Ètò tí o fọwọ́ ara rẹ kọ, tìrẹ ni láti ọjọ́ tí o ti kọ ọ́."

"Bí mo bá ti sọ fún ènìyàn pé odò ń bọ̀ ńkọ́, sà?"

"Ẹni tí ó wí pé odò ń bọ̀ kò tíì sọ bí òun ṣe mọ̀."

Ṣìkẹ́mi rántí Rose létí odò. Ó dìde láìdágbére.

Nígbà tí ó fi dé Àyèká, ẹ̀gẹ́ ti léfòó kiri, apẹ̀rẹ̀ sì há sára igi ògùrọ̀. Àwọn apẹja ẹ̀yà Ìjọ́ ni wọ́n gbé òkú Rose wá láti ìsàlẹ̀ odò.

Ìyá Ṣìkẹ́mi wò ó lójú. "Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Ìyá mi."

Ìyá náà tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo òkú àbúrò rẹ̀.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni Ṣìkẹ́mi ń dúró lójú ọ̀nà odò, tí ó ń sọ ohun tí ìṣirò rẹ̀ wí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ̀yin ọmọ, ìmọ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí là kì í dúró de ìwé-àṣẹ.