Ohun Tí Rabiatou Gé Kúrò

Assana gbé ọwọ́ Lamatou sókè kí gbogbo obìnrin tó ń pa kajú ní ilé iṣẹ́ náà ní Manigri lè rí i. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọbìnrin náà ti léròrò bí ẹni tó fọwọ́ gbá ẹyin iná mú.

“Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?”

Ọjọ́ kejì Lamatou lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka sí Rabiatou. “Fídíò rẹ̀ ni mo wò, Tanti.”

Rabiatou, ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń kàwé ní Bassila, ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kó ṣe ẹ̀kọ́ kéékèèké tí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun yóò máa wò lórí fóònù. Ọ̀gá ní kó kọ́kọ́ jókòó ti Assana, àgbà nínú iṣẹ́ náà, fún ọjọ́ mẹ́ta. Wákàtí kan péré ló jókòó. Ó rí i tí Assana ń fi epo àti eérú pa ọwọ́, ó sì fi fóònù yà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, epo àti eérú sì jọ ìdọ̀tí lójú rẹ̀. Ó gé e kúrò, kò béèrè ìdí. Kò mọ̀ pé epo àti eérú náà ni kì í jẹ́ kí oje èèpo kajú jó ọwọ́.

“Bóyá kò wò ó dópin,” ni Rabiatou wí.

“Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wò ó,” ni Lamatou dáhùn.

Assana ní kí Rabiatou tan fídíò náà. Gbogbo wọn wò ó tán, kò sí epo, kò sí eérú níbẹ̀. Obìnrin kan ní ẹ kú oríire, ìwé ti mọ kajú pa.

Assana ti abọ́ kajú kan síwájú Rabiatou. “Ó yá, pa á bí o ṣe kọ́ Lamatou.”

Rabiatou wo kajú, ó wo ọwọ́ Lamatou. Kò lè fọwọ́ kàn án.

“Èmi ni mo gé e kúrò,” ló wí níkẹyìn. “Mo sì purọ́ mọ́ Lamatou.”

Assana fẹsẹ̀ ti ìkòkò epo sí i. “Fi pa ọwọ́. Ìwọ ni wàá máa ṣe iṣẹ́ Lamatou títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi san.”

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é, kò sẹ́ni tó dáhùn kíkí rẹ̀. Epo àti eérú ló bẹ̀rẹ̀ fídíò tuntun tó ṣe lẹ́yìn náà, ọwọ́ Assana ló sì wà níbẹ̀.

Ẹni tí yóò kọ́ni níṣẹ́, kó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ohun tí a kò bá mọ ìdí rẹ̀, a kì í gé e sọnù.